Báìtì Kan Tó Lé: Àtúnṣe Sáfà NFS inú Linux ní Ọdún 2022

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọkàn sí iṣẹ́ kernel, tí í ṣe ìpìlẹ̀ Linux, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí fáìlì kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ báìtì 9,223,372,036,854,775,807. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí NFS inú Linux, ìyẹn ètò tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan lo fáìlì orí ẹ̀rọ mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń wá ojútùú sí ìṣòro kan: bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá wà lórí sáfà, tí í ṣe ẹ̀rọ tó ń pèsè fáìlì, tí ẹ̀rọ oníbàárà, èyí tó ń béèrè fáìlì, sì fẹ́ ka ìparí rẹ̀, sáfà á kọ̀ fún un, oníbàárà á tún béèrè, sáfà á tún kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì máa bá a lọ láìdáwọ́ dúró. Ètò tó fẹ́ ka fáìlì náà kò ní rí dátà gbà, kò sì ní rí àṣìṣe tí yóò fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Yóò kàn dúró síbẹ̀ ni.

Fáìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ẹlòmíràn sì lè béèrè pé kí ló dé tí a ó fi máa da ara wa láàmú nítorí rẹ̀. Mo mú un wá nítorí pé kò sí ìtàn mìíràn tí mo mọ̀ tó fi ohun tí ìbáramu jẹ́ láàárín sáfà àti oníbàárà hàn kedere tó báyìí. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀, ni pé ẹni tó ń tún sáfà ṣe kò gbọdọ̀ dúró sórí ohun tí ìwé ìlànà gbà láàyè nìkan. Ó ní láti tẹ̀lé ìdáhùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, kí ó sì mọ ohun tí ẹni náà yóò fi í ṣe.

Ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ló dá NFS sílẹ̀ ní ọdún 1984. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ètò orí ẹ̀rọ kan lè máa ka fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ó sì máa kọ sínú rẹ̀, bí ẹni pé orí dísìkì tirẹ̀ gan-an ni fáìlì náà wà. Ẹ̀dà kejì, tí ìwé ìlànà RFC 1094 ṣàpèjúwe ní ọdún 1989, fi nọ́ńbà oníbíìtì 32 tọ́ka sí ibi tí kíkà tàbí kíkọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì, dátà tí ìbéèrè kan sì lè gbé kò gbọdọ̀ ju báìtì 8,192 lọ. Nígbà tí RFC 1813 gbé ẹ̀dà kẹta jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1995, nọ́ńbà ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn di oníbíìtì 64. Ẹ̀dà kẹrin tẹ̀lé e. Lónìí, RFC 7530 ni ìwé ìlànà 4.0, RFC 8881 sì ni ti 4.1. Sáfà inú Linux gbọ́dọ̀ lè dá oníbàárà ẹ̀dà kẹta àti ìkẹrin lóhùn: oníbàárà tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀, èyí tó wà nínú FreeBSD, nínú macOS, nínú Solaris, àti àwọn mìíràn tí ẹni tó kọ wọ́n kò bá ẹni tó kọ sáfà pàdé rí. Ìwé ìlànà ló so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú ìwà tí sáfà àti oníbàárà ti bá ara wọn hù láti ọdún pípẹ́ wá. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, nítorí ìwà yẹn lágbára bí ìwé ṣe lágbára.

Nínú ẹ̀dà kẹta àti ìkẹrin, nọ́ńbà ibi ìbẹ̀rẹ̀ kò ní àmì àyọkúrò. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé 18,446,744,073,709,551,615. Linux ní tirẹ̀ ń fi irú nọ́ńbà kan tí ń jẹ́ loff_t pa ibi ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Oníbíìtì 64 ni òun náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn bíìtì rẹ̀ ló ń sọ bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ibi tó ga jù tí loff_t lè dé ni 9,223,372,036,854,775,807, èyí tí kóòdù kernel ń pè ní OFFSET_MAX. Èyí túmọ̀ sí pé ìdajì gbogbo nọ́ńbà tí oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fi ránṣẹ́ ni kò ní àyè kankan nínú Linux. Bí a bá sì ti nọ́ńbà kan láti ìdajì òkè yẹn sínú loff_t láìyẹ̀ ẹ́ wò, loff_t kò ní kígbe. Yóò gbà á, yóò sì máa kà á sí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo.

Sáfà Linux ti ń gbé pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára ní gbangba. Oníbàárà Linux kò ní fáìlì tó kọjá OFFSET_MAX ní ọ̀dọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ìdí tí yóò fi béèrè ohun tó kọjá ibẹ̀. Ohun tó yí èyí padà ni àtúnṣe kan tó wọ inú kóòdù oníbàárà kí ọdún 2022 tó dé. Àkọlé rẹ̀ ni “NFS: Always provide aligned buffers to the RPC read layers.” Ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára. XDR, tí í ṣe ọ̀nà tí NFS ń gbà to dátà fún ìrìn àjò orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan parí sórí ìlọ́po báìtì 4. Bí dátà kò bá parí síbẹ̀, a ní láti fi báìtì asán dí àlàfo. Ṣíṣe ìdí-àlàfo yìí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì RDMA, níbi tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gbé dátà sínú ìrántí fúnra rẹ̀, ti sọ kóòdù ibẹ̀ di ohun tó lọ́júpọ̀. Àtúnṣe náà wá sọ pé kí oníbàárà má ṣe béèrè iye báìtì tó ṣẹ́kù ní ìparí fáìlì mọ́, kí ó máa sún ìbéèrè rẹ̀ sókè dé ibi tó ṣe déédéé. Ẹni tó bá fẹ́ ka báìtì 4,095 yóò wá béèrè 4,096.

Ẹ jẹ́ kí a bá ìṣirò náà lọ. Oníbàárà fẹ́ ka ojú ìwé (ìdì báìtì 4,096) tó kẹ́yìn nínú fáìlì wa. Ojú ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ láti báìtì 9,223,372,036,854,771,712, ohun tó sì kù láti ibẹ̀ dé ìparí fáìlì jẹ́ báìtì 4,095. Ní ayé àtijọ́, 4,095 ni oníbàárà ì bá béèrè, ibi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye báìtì ì bá sì jẹ́ OFFSET_MAX géérégé. Lẹ́yìn àtúnṣe, ó béèrè 4,096. Àròpọ̀ rẹ̀ wá di 9,223,372,036,854,775,808, èyí tó fi ẹyọ kan ṣoṣo ju ohun tí loff_t lè gbà lọ. Ó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó di nọ́ńbà abẹ́ òdo, àyẹ̀wò inú kernel sì rí i pé àròpọ̀ ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti iye báìtì wà lábẹ́ òdo, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò mọ́gbọ́n dání, ó dá EINVAL padà, àṣìṣe tó túmọ̀ sí pé ohun tí a fi ránṣẹ́ kò tọ́. Sáfà sọ èyí di NFS3ERR_INVAL, kóòdù 22, ó fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Oníbàárà Linux kò ní ètò kankan fún kóòdù yẹn lórí kíkà. Ó gbé ìbéèrè kan náà padà wá.

Ẹni tó bá lo git bisect, irinṣẹ́ tí ń wá àtúnṣe tó mú ìyípadà kan wọ inú kóòdù, láti wá ìgbà tí ìfàsẹ́yìn yìí wọlé yóò dé ibi àtúnṣe oníbàárà, bisect kò sì ní purọ́ fún un: kí àtúnṣe yẹn tó wọlé, kíkà ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tó wọlé, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú àwùjọ àwọn olùkọ kernel, òfin wọn le lórí irú nǹkan báyìí: ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn olùmúlò kò gbọdọ̀ dẹ́kun iṣẹ́. Èrò àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni kí a yọ àtúnṣe tí bisect tọ́ka sí kúrò. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, ṣùgbọ́n mo gbà pé níbí yìí, kò ní tọ́. Bisect sọ ìgbà tí àléébù fara hàn fún wa. Kò sọ ibi tí àléébù ń gbé.

Ìbéèrè tí oníbàárà ṣe bá ìwé mu. Kò sí ibì kan nínú RFC 1813 tó sọ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ béèrè kọjá ìparí fáìlì. Kódà, ìwé náà ṣàlàyé ohun tí sáfà yóò ṣe bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀. Ó ní bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú gígùn fáìlì tàbí tó jù ú lọ, kí sáfà dáhùn pé ó ṣàṣeyọrí, kí iye báìtì tó dá padà jẹ́ òdo, kí ó sì gbé àmì eof sókè, èyí tí ń sọ pé ìparí fáìlì nìyí. Lóòótọ́, NFS3ERR_INVAL wà nínú àkójọ àwọn àṣìṣe tí READ, ìyẹn ìbéèrè kíkà, lè dá padà, nítorí náà sáfà lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun kò rú òfin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbáramu ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Sáfà fi kóòdù tí ìwé gbà láàyè dáhùn, oníbàárà tó gbà á kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, ẹni tó sì jókòó níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ kò rí fáìlì rẹ̀ kà. Pé sáfà ní ìwé lọ́wọ́ kò ran ẹni yẹn lọ́wọ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbà pé orí sáfà ló yẹ kí àtúnṣe bọ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dé ibi sáfà lè fi nọ́ńbà èyíkéyìí ránṣẹ́ sí i. Bí a bá yọ àtúnṣe oníbàárà Linux kúrò, ìdajì òkè nọ́ńbà náà ṣì wà níbẹ̀, sáfà ṣì ń ti nọ́ńbà wọ inú loff_t láìwò ó, oníbàárà mìíràn sì lè kàn án lọ́la láti ibi tí a kò fọkàn sí. Kóòdù tó ń gba ohun tó ti òde wá ni ó gbọ́dọ̀ yẹ ohun náà wò.

Chuck Lever, tó ń bójú tó sáfà NFS inú Linux, kọ àtúnṣe READ náà, ó sì kúrú gan-an. Bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ bá kọjá OFFSET_MAX, sáfà á fà á padà sí OFFSET_MAX. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye báìtì bá kọjá OFFSET_MAX, sáfà á dín iye báìtì kù títí yóò fi bá ààlà mu. Nínú ọ̀ràn tiwa, 4,096 padà di 4,095, kíkà ṣàṣeyọrí, sáfà sì gbé eof sókè nítorí pé ibi tó ka dé bá gígùn fáìlì mu. Eof yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí sáfà bá dá báìtì tó kéré sí iye tí a béèrè padà láìgbé eof sókè, oníbàárà yóò gbà pé nǹkan ṣì kù, yóò sì tún wá béèrè ẹyọ báìtì kan tó ṣẹ́kù, a ó sì tún padà sí ìyípo tí a ti ń sá fún. Àlàyé tó bá àtúnṣe náà rìn sọ pé ó jọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni sáfà Solaris náà ń ṣe. Lójú tèmi, gbólóhùn kékeré yẹn wúwo. Ilé tó bí NFS ni Solaris ti wá, láti ọdún pípẹ́ sì ni àwọn tó ń kọ oníbàárà ti ń dán iṣẹ́ wọn wò sí i. Bí ìwé bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn méjì, èyí tí àwọn oníbàárà ti mọ̀ láti ọ̀dọ̀ Solaris ni kò ní yà wọ́n lẹ́nu.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe to àyẹ̀wò méjèèjì tẹ̀léra, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí a tó fi iye báìtì kún un. Bí a bá kọ́kọ́ ṣe àròpọ̀, ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí 18,446,744,073,709,551,615 lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú nọ́ńbà aláìlámì pàápàá, kí àròpọ̀ rẹ̀ sì di nọ́ńbà kékeré tí àyẹ̀wò yóò fọwọ́ sí. Nígbà tí a bá ti fa ibi ìbẹ̀rẹ̀ padà sí OFFSET_MAX, iye báìtì, tó jẹ́ oníbíìtì 32, kò lè ti àròpọ̀ kọjá ohun tí nọ́ńbà aláìlámì oníbíìtì 64 lè gbà. Inú nọ́ńbà aláìlámì sì ni àfiwé gbogbo ti gbọ́dọ̀ wáyé. Àlàyé àtúnṣe náà sọ ọ́ ní gbangba pé kí èdè C yí u64, nọ́ńbà aláìlámì oníbíìtì 64, sí loff_t fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò tó, nítorí pé lẹ́yìn ìyípadà bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò tí VFS, apá kernel tó ń bójú tó gbogbo ètò fáìlì, ń ṣe sí s_maxbytes, tí í ṣe gígùn tó pọ̀ jù tí fáìlì lè ní lórí ètò fáìlì náà, kò ní ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Nọ́ńbà abẹ́ òdo kéré sí ààlà èyíkéyìí. Ẹ̀ṣọ́ tó ń wo ohun tó ga kò ní rí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí, ì bá dára, ṣùgbọ́n ì bá kù díẹ̀. Àléébù kan náà wà níbi gbogbo tí oníbàárà ti lè fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ tàbí gígùn fáìlì ránṣẹ́, àwọn àtúnṣe mìíràn sì tẹ̀lé ti READ nínú oṣù kan náà. Ohun tó wú mi lórí nínú wọn ni pé ìdáhùn tí wọ́n yàn kò dọ́gba. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bákan náà ì bá ti dín gbogbo nọ́ńbà kù dé ààlà kí ó sì máa lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo WRITE, ìbéèrè kíkọ. Kíkà tí a dín kù ń sọ òtítọ́: kò sí nǹkan kan lẹ́yìn OFFSET_MAX, nítorí náà ẹni tó béèrè kò pàdánù ohunkóhun. Kíkọ yàtọ̀. Dátà ẹnì kan wà lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì ń fẹ́ kí a fi í síbi kan pàtó. Bí sáfà bá fa ibi ìbẹ̀rẹ̀ padà, yóò kọ dátà yẹn sórí ohun mìíràn, ìyẹn sì ni ìbàjẹ́ tó burú jù tí sáfà fáìlì lè ṣe. Nítorí náà, bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àròpọ̀ rẹ̀ bá kọjá OFFSET_MAX, sáfà á kọ̀, á sì dá FBIG padà, kóòdù 27, pé fáìlì yóò tóbi jù. Kóòdù yìí wà nínú àkójọ WRITE nínú RFC 1813, ohun tí ó ń sọ sì jẹ́ òtítọ́ gan-an nípa ìdí tí iṣẹ́ kò fi ṣeé ṣe.

SETATTR ló gba ìrònú jù, nítorí ibẹ̀ ni ìwé àti òótọ́ ti fẹ́ ya ara wọn. Oníbàárà lè lo SETATTR láti sọ pé kí fáìlì gùn dé iye báìtì kan. Kóòdù àtijọ́ fún ẹ̀dà kẹta, bí ó bá rí gígùn tó kọjá ààlà, á dín in kù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, á sì sọ pé òun ti ṣe é. Kóòdù ẹ̀dà kẹrin, ní tirẹ̀, á da gbogbo nọ́ńbà náà sínú loff_t, gígùn fáìlì á sì bọ́ sábẹ́ òdo. Èyí àkọ́kọ́ dà bí ìwà pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni: oníbàárà sọ gígùn kan, sáfà fi gígùn mìíràn pa mọ́, ó sì dáhùn pé ó dára. Àtúnṣe náà yọ ìdínkù yẹn kúrò, ó sì jẹ́ kí sáfà dá FBIG padà fún ẹ̀dà méjèèjì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nínú RFC 1813, WRITE nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti dá FBIG padà. Àwọn tó kọ àtúnṣe náà mọ èyí, wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé wọn, wọ́n sì sọ pé àwọn gbà gbọ́ pé àwọn sáfà àwòkọ́ṣe fún ẹ̀dà kẹta náà ń dá FBIG padà nírú ipò yìí. Mo fara mọ́ ìpinnu yẹn. Kóòdù tí kò sí nínú àkójọ ṣùgbọ́n tó sọ òtítọ́, tí àwọn oníbàárà sì ti ń bá pàdé, sàn ju àṣeyọrí èké lọ fún ẹni tó ni fáìlì.

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ COMMIT, wọ́n tún yí ojú padà sí ìwé. Láti ẹ̀dà kẹta ni oníbàárà ti lè kọ dátà sí sáfà pẹ̀lú àdéhùn pé kí sáfà fi í sínú ìrántí ná, kí ó má tíì dé orí dísìkì. Oníbàárà á tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀, nígbà tó bá sì yá, á fi COMMIT ránṣẹ́, pé kí sáfà rí i dájú pé ohun tó wà láti ibí dé ibẹ̀ ti dé orí dísìkì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni sáfà Linux ti ń dá INVAL padà bí ibí àti ibẹ̀ tí oníbàárà sọ kò bá mọ́gbọ́n dání lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n RFC 1813 ka àwọn àṣìṣe tí COMMIT lè dá padà lẹ́sẹẹsẹ: NFS3ERR_IO, NFS3ERR_STALE, NFS3ERR_BADHANDLE àti NFS3ERR_SERVERFAULT. INVAL kò sí níbẹ̀. Kò sí nínú àkójọ RFC 8881 náà. RFC 7530 gbà á láàyè, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tó yẹ kí a lò ó. Oníbàárà tó bá gba INVAL lórí COMMIT wà nínú ipò tó nira, nítorí pé ẹ̀dà dátà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ó lè jù ú nù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni sáfà ṣe ń gba COMMIT lẹ́yìn àtúnṣe náà. Bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ bá wà lókè s_maxbytes, sáfà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí iye báìtì bá mú un kọjá ààlà, sáfà á ṣe é dé ìparí fáìlì. Nínú ìlànà NFS, òdo ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí orí fáìlì, òdo ní iye báìtì sì túmọ̀ sí títí dé ìparí, nítorí náà ìbéèrè tó bàjẹ́ di ìbéèrè tó gbòòrò tó sì tọ́. Ìdí tí èyí kò fi léwu ni pé ìlànà gba sáfà láàyè ní gbogbo ìgbà láti fi dátà tó pọ̀ ju èyí tí a béèrè sórí dísìkì, kí ó sì ṣe é ṣáájú àkókò. Ó ní iye tí ó ń náni, mo gbà bẹ́ẹ̀: bí fáìlì bá ní dátà púpọ̀ tí kò tíì dé orí dísìkì, COMMIT kan lè pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìdádúró ni ìyẹn, dátà ẹnikẹ́ni kò sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán irú àtúnṣe yìí wò, ẹ kò nílò dísìkì ńlá. Fáìlì oníhò, tí kò gba àyè kankan lórí dísìkì títí a ó fi kọ nǹkan sínú rẹ̀, ni ẹ ó lò. Lórí ètò fáìlì XFS, àṣẹ truncate pẹ̀lú gígùn 9223372036854775807 yóò dá a fún yín lójú ẹsẹ̀. Lórí ext4, ètò fáìlì mìíràn, tó ń lo búlọ́ọ̀kù báìtì 4,096, kò ní gbà, nítorí pé ààlà fáìlì kan níbẹ̀ kò ju TiB 16 lọ. Síbẹ̀ ẹ dán ext4 náà wò, nítorí oníbàárà lè fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó kọjá TiB 16 ránṣẹ́ sí i, s_maxbytes tirẹ̀ ni yóò sì pinnu ohun tí COMMIT yóò ṣe. Ẹ ṣí fáìlì náà láti ẹ̀rọ oníbàárà, ẹ lo àṣẹ dd láti ka ojú ìwé tó kẹ́yìn, kí Wireshark sì máa wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ má wo àbájáde dd nìkan. Ẹ wo iye báìtì tí oníbàárà béèrè, iye tí sáfà dá padà, àti eof. Ẹ ṣe é fún 3, 4.0, 4.1 àti 4.2, nítorí kóòdù tó ń ka ìbéèrè ẹ̀dà kẹta yàtọ̀ sí ti ẹ̀dà kẹrin, àléébù tí ẹ tún ṣe nínú ọ̀kan lè ṣì jókòó nínú èkejì, bí a ti rí i lórí SETATTR. Lẹ́yìn náà, ẹ fi oníbàárà tó jẹ́ ti kernel àtijọ́ dán an wò, kí ẹ rí i pé ohun tó ń rí gbà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń rí gbà. Àkójọ àyẹ̀wò Pynfs wà fún ẹ̀dà kẹrin, àwọn àyẹ̀wò Connectathon sì wà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n fún ààlà nọ́ńbà bí èyí, ẹ ní láti kọ tiyín.

Mo sì bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń kọ àlàyé àtúnṣe yín, ẹ kọ ọ́ bí àwọn wọ̀nyí ti kọ ọ́: ohun tí oníbàárà ṣe, nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́, ohun tí ìwé ìlànà sọ pẹ̀lú orí ibi tó ti sọ ọ́, ibi tí ẹ ti tẹ̀lé ìwé, àti ibi tí ẹ ti yà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Nítorí àlàyé yẹn ni èmi ṣe lè dúró níwájú yín lónìí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nǹkan kan ṣì kù tí àwọn àtúnṣe wọ̀nyí kò fọwọ́ kàn. Orí sáfà ni gbogbo wọn wà. NFS3ERR_INVAL ṣì wà nínú àkójọ READ, sáfà mìíràn tí kì í ṣe Linux ṣì ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, oníbàárà èyíkéyìí tí kò bá sì ní ètò fún un yóò ṣì máa yípo síbẹ̀. Ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà yẹra fún un sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: nínú ẹ̀dà kẹta, ìdáhùn sí FSINFO, ìbéèrè nípa ètò fáìlì, ní maxfilesize nínú, ẹ̀dà kẹrin náà sì ní tirẹ̀ láàárín àwọn àbùdá ètò fáìlì, níbi tí sáfà ti ń sọ gígùn tó pọ̀ jù tí fáìlì lè ní lórí rẹ̀. Oníbàárà tó bá ń sún ìbéèrè rẹ̀ sókè kí ó lè ṣe déédéé lè kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn, kí ó sì dúró síbẹ̀.